Bí A Ti Ṣe Wọn Ọ̀nà Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Ìràwọ̀

Bí ọmọ ilé-ìwé kan bá bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè pé, "Báwo ni àwọn ìràwọ̀ ti jìnnà tó?" kò ṣòro láti dá a lóhùn, nítorí iye náà wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún béèrè pé, "Ta ni ó débẹ̀ tí a fi mọ̀?" ìbéèrè yìí ni ó le, òun ni a sì fẹ́ dáhùn. Kò sí ẹni tí ó débẹ̀. Láti orí ilẹ̀ ayé wa yìí ni a ti kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Ẹ na ìka kan sókè níwájú yín, kí ẹ di ojú òsì. Lẹ́yìn náà, ẹ la ojú òsì, kí ẹ sì di ti ọ̀tún. Ẹ ó rí i pé ìka náà dàbí ẹni pé ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lára ògiri tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìka bá sì ti jìnnà sí ojú tó, bẹ́ẹ̀ ni yíyẹ̀ náà ń kéré sí i. Nísinsìnyí, ayé wa ń yí oòrùn ká. Ibi tí a wà ní oṣù kìn-ín-ní àti ibi tí a wà ní oṣù keje dàbí ojú méjì tí àlàfo ààrin wọn tó 300,000,000 kìlómítà. Ó yẹ, nígbà náà, kí ìràwọ̀ tí ó súnmọ́ wa máa yẹ̀ díẹ̀ láàrin àwọn tí ó jìnnà.

Láti ìgbà tí Copernicus ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1543, tí ó wí pé ayé ni ó ń yí oòrùn ká, ni àwọn amòye ti ń ṣọ́ yíyẹ̀ yìí, wọn kò sì rí i. Tycho Brahe, ará Dẹ́ńmákì, tí ojú rẹ̀ mú ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nínú wíwo ọ̀run, kò lè gbà pé a fi àlàfo tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo láàrin wa àti àwọn ìràwọ̀. Nítorí náà ó pinnu pé ayé dúró lójú kan. A kò gbọdọ̀ fi í ṣẹ̀sín. Ohun tí ó wí bá ọgbọ́n mu. Ọ̀run ni ó tóbi ju bí ó ti rò lọ.

Ní ọdún 1838 ni Friedrich Bessel, ní ìlú Königsberg, wọn yíyẹ̀ náà lára ìràwọ̀ kékeré kan tí à ń pè ní 61 Cygni. Ó kéré tó ìbú owó kọ́bọ̀ oníhò ti àtijọ́ bí a bá gbé e dúró ní kìlómítà mẹ́wàá sí wa. Ìmọ́lẹ̀, tí ń rin 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, a máa ti ọ̀dọ̀ oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Láti 61 Cygni, ó ń lo ọdún 11 ó lé díẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ìràwọ̀ bá jìnnà jù, yíyẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé rí mọ́. Ẹni tí ó rí àtùpà lókèèrè lóru, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá àtùpà kékeré tí ó wà nítòsí ni, tàbí àtùpà ńlá tí ó jìnnà? Àfi bí ó bá mọ agbára àtùpà náà.

Ẹni tí ó tú ìdí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀gá. Omidan Henrietta Leavitt ni, ọmọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Amẹ́ríkà, tí a bí ní ọdún 1868, tí etí rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di pátápátá. Ní Harvard, fún owó 30 sẹ́ǹtì ní wákàtí kan, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ àwọn àwo dígí wò, èyí tí a ti ya àwòrán ojú ọ̀run sí ní Arequipa, ní ilẹ̀ Peru. Ó ń wá àwọn ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń pọ̀ tí ó sì ń dínkù. Ní ọdún 1908, ó ti ka 1,777 irú wọn nínú agbo ìràwọ̀ méjì tí ó dàbí ìkúùkù ní apá gúúsù ọ̀run. Ní ọdún 1912, ó fi hàn lára 25 nínú wọn pé èyí tí ó mọ́lẹ̀ jù ni ó ń pẹ́ jù kí ó tó yípo. Níwọ̀n bí gbogbo wọn ti wà nínú agbo kan náà, ọ̀nà wọn sí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí tí ó dàbí ẹni pé ó mọ́lẹ̀ jù, ó mọ́lẹ̀ jù ní tòótọ́. Ẹ ka iye ọjọ́ tí ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń yípo, ẹ ti mọ agbára àtùpà náà nìyẹn.

Orúkọ ọ̀gá rẹ̀, Edward Pickering, ni a fi tẹ ìròyìn náà jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé Omidan Leavitt ni ó pèsè rẹ̀. Ó ṣeun tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ì bá ṣeun jù bí ó bá jẹ́ kí orúkọ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ wà lókè.

Ní ọdún 1920, àwọn amòye méjì, Shapley àti Curtis, jiyàn ní Washington bóyá agbo ìràwọ̀ tiwa yìí ni gbogbo ohun tí ó wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1923, lórí òkè Wilson, Edwin Hubble fi awò ńlá tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó 100 ínǹṣì rí ìràwọ̀ kan irú ti Omidan Leavitt nínú Andromeda, èyí tí ó hàn sí ojú lásán bí èéfín kékeré. Ó ka ọjọ́ rẹ̀, ó ṣírò, ó sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lo nǹkan bí 900,000 ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Agbo mìíràn ni, tí ó dá dúró. Iye náà tilẹ̀ kéré jù: ní ọdún 1952, Walter Baade fi hàn pé irú ìràwọ̀ wọ̀nyí pín sí ọ̀nà méjì, a sì mọ̀ lónìí pé ó tó nǹkan bí 2,500,000 ọdún.

Omidan Leavitt kò rí nǹkan wọ̀nyí. Àrùn jẹjẹrẹ pa á ní oṣù Kejìlá ọdún 1921, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 53. Ní ọdún 1925, Gösta Mittag-Leffler, amòye ìṣirò ará Sweden, kọ ìwé sí i láti wí fún un pé òun ń rò ó láti dá orúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel. Kò tíì gbọ́ pé ó ti kú.