Ìtako Òfin Àtìmọ́lé Láìsí Ìgbẹ́jọ́, 1925–2000

1. Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, ‘Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.’ Òwe yìí kì í ṣe àjèjì ní ààfin Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó. Òfin tí ó bá gba ìjọba láàyè láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbọ́ tẹnu rẹ̀ lòdì sí i. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ohun kan ṣoṣo ni àwọn tí ó tako irú òfin bẹ́ẹ̀ ń jà fún: kí ilé-ẹjọ́ lè béèrè ìdí.

2. Ẹjọ́ Elékòó
Ní oṣù kẹjọ ọdún 1925, ìjọba amúnisìn rọ Ọba Èṣùgbàyí, Elékòó ti Èkó, lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Wọn kò sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n kò lómìnira láti padà sílé. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ bẹ ilé-ẹjọ́ fún ìwé àṣẹ pé kí a mú un wá síwájú adájọ́, kí ìjọba sì wí tẹnu wọn. Àwọn adájọ́ ní Nàìjíríà kọ̀. Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn. Ní 1931, Lord Atkin dájọ́ pé aláṣẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òmìnira ènìyàn àfi bí ó bá lè fi ẹ̀rí hàn níwájú adájọ́ pé òfin ti òun lẹ́yìn. Elékòó padà sí Èkó ní ọdún náà.

3. Díkírì Kejì
Ìjọba ológun ti ilẹ̀kùn tí Elékòó gbà jáde. Díkírì Kejì ti ọdún 1984 yọ̀ǹda kí a ti ẹnikẹ́ni tí ìjọba bá kà sí ewu fún ààbò ìlú mọ́lé, ó sì ní kí ilé-ẹjọ́ kankan má dá sí i. Ní 1994, lábẹ́ Ọ̀gágun Sani Abacha, Díkírì Kẹrìnlá ka irú ìwé àṣẹ tí Elékòó bẹ̀bẹ̀ fún gan-an léèwọ̀ fún àwọn tí a tì mọ́lé lábẹ́ Díkírì Kejì.

Ó di dandan láti wá ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní, 1996, wọ́n mú agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi, ọmọ bíbí Oǹdó, nígbà tí àríwá Èkìtì ṣì wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí Nàìjíríà sọ di òfin ní 1983, wà lára ohun tí ẹjọ́ rẹ̀ gùn lé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2000, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbà pé Àdéhùn náà lágbára ju òfin lásán lọ, bí kò tilẹ̀ ga ju Ìwé Òfin Ilẹ̀ lọ. Wọ́n ti fagi lé Díkírì Kejì ní 1999.

4. Àgbálọgbábọ̀
Bí a bá mú ènìyàn ní Ìkọ̀lé tàbí Ìdó lónìí, ẹsẹ 35 Ìwé Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1999 ní kí a gbé e dé ilé-ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí ilé-ẹjọ́ tí ó tọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40. Irú ìlànà kan náà wà nínú ti 1979, síbẹ̀ díkírì kan ṣoṣo borí rẹ̀. Ní èrò tiwa, nígbàkigbà tí òfin bá ní kí adájọ́ má béèrè, ibẹ̀ ni kí ìtako ti bẹ̀rẹ̀.