Ọrọ̀-ajé àjọpín orí ẹ̀rọ ayélujára ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà

Ọrọ̀-ajé àjọpín orí ẹ̀rọ ayélujára ni ètò òwò nínú èyí tí ilé-iṣẹ́ kan ti ń fi áàpù orí fóònù so ẹni tí ó ní ohun ìlò tàbí iṣẹ́-ọwọ́ pọ̀ mọ́ ẹni tí ó nílò rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ náà sì ń yọ ìdá kan nínú owó tí wọ́n bá san. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, alùpùpù, yàrá ilé àti katakata oko wà lára ohun tí à ń pín lò lọ́nà yìí. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni áàpù kì í sábà ní ọkọ̀ tàbí ilé kankan. Ẹni tí ó fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ ni ó ń tọ́jú rẹ̀, òun náà ni ó sì ń ru àdánù bí ó bá bàjẹ́. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, Èkó ni irú òwò yìí ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní ọdún 2014. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn dé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti àwọn ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn tí ó wà nítòsí Èkó, irú bíi Mowé àti Ìbàfò.

Àjọpín nínú àṣà Yorùbá

Àjọpín ohun ìlò àti agbára kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ ní oko ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí iṣẹ́ yóò fi kárí gbogbo wọn. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó ní iṣẹ́ ńlá, bíi ilé kíkọ́, a bẹ àwọn ènìyàn lọ́wẹ̀, a sì fi oúnjẹ ṣe wọ́n lálejò. Nínú èésú, tí a tún ń pè ní èsúsú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a dá iye owó kan náà, ẹnì kan nínú wọn a sì kó gbogbo rẹ̀ nígbà tí ó bá kàn án. Samuel Johnson ṣàpèjúwe èsúsú nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921.

Àjọ ni ó súnmọ́ òwò áàpù jù lọ, nítorí pé alárinà wà nínú rẹ̀. Alájọ a máa gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ lójoojúmọ́, a sì dá a padà fún wọn ní òpin oṣù. Owó ọjọ́ kan ni ó máa ń yọ fún ara rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí ìdá 3 nínú 100. Alájọ kò lè yí iye yìí padà láìjẹ́ pé àwọn tí ń dájọ́ gbọ́ sí i, nítorí pé ojúkojú ni wọ́n jọ ń ṣe é.

Ìtàn

Ilé-iṣẹ́ Airbnb (2008) àti Uber (2009), tí a dá sílẹ̀ ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n sọ òwò yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ń dàgbà sókè, ó gba ọ̀nà mìíràn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní ọkọ̀ tàbí káàdì báǹkì. Ní Indonesia, Gojek bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010 pẹ̀lú àwọn ọlọ́kadà. Orí tẹlifóònù ni àwọn èrò ti ń pè wọ́n kí áàpù rẹ̀ tó jáde ní ọdún 2015. Ní Kenya, M-Pesa, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, ti jẹ́ kí ó rọrùn láti fi fóònù sanwó kí áàpù ọkọ̀ tó dé.

Uber wọ Èkó ní ọdún 2014. Taxify, ilé-iṣẹ́ kan láti Estonia, tẹ̀ lé e ní ọdún 2016, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Bolt ní ọdún 2019. Lẹ́yìn náà ni inDrive dé, èyí tí èrò àti awakọ̀ ti lè ná owó ọkọ̀ kí wọ́n tó gbéra. Ní ọdún 2022, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ọkọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ tí a ń pè ní LagRide, nínú èyí tí awakọ̀ ń san owó ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Èrò a tẹ ibi tí ó ń lọ sínú áàpù, áàpù a fi iye owó hàn án, a sì wá awakọ̀ tí ó wà nítòsí. Lẹ́yìn ìrìn-àjò, àwọn méjèèjì a fún ara wọn ní máàkì. Awakọ̀ tí máàkì rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ púpọ̀ lè rí i pé a ti ti áàpù mọ́ òun. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ èrò ń san owó lọ́wọ́ tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì awakọ̀. Ìdá tí Uber ń yọ nínú owó ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 25 nínú 100 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó epo, àtúnṣe ọkọ̀, dátà àti táyà wà lọ́rùn awakọ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kò ní ọkọ̀ tí wọ́n ń wà. Wọ́n gbọ́dọ̀ san iye kan fún olówó ọkọ̀ lọ́sẹ̀, yálà ọjà tà tàbí kò tà.

Alùpùpù

MAX, Gokada àti ORide mú ètò yìí wọ iṣẹ́ ọ̀kadà ní Èkó. Wọ́n fún àwọn ọlọ́kadà ní akoto, wọ́n sì kọ́ wọn ní ìlànà ìrìnnà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ elérò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 àti àgbègbè ìdàgbàsókè 9, kò sì yọ àwọn tí ó wà lórí áàpù sílẹ̀. Gokada yí padà sí iṣẹ́ kíkó ẹrù, ORide sì kógbá sílé nínú ọdún náà. Ní ọdún 2020 yìí kan náà ni SafeBoda, tí ó wá láti Uganda, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀kadà ní Ìbàdàn, níbi tí òfin Èkó kò dé.

Ààlà Èkó àti Ògùn

Mowé, Ìbàfò àti Ọ̀fàdà wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi Owódé. Ifọ̀ jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ ní ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ni wọ́n ń gbé ní Mowé àti Ìbàfò, ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nítorí pé ilẹ̀ àti owó ilé kò wọ́n níbẹ̀ tó ti Èkó. Àwọn awakọ̀ áàpù wà nínú wọn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, Èkó gbé ìlànà kalẹ̀ fún ọkọ̀ áàpù: ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, awakọ̀ gbọ́dọ̀ ní káàdì ìpínlẹ̀, a sì ń san 20 náírà lórí ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan. Agbára ìlànà yìí kò kọjá ààlà ìpínlẹ̀ náà ní àdúgbò Ojódù Berger. Nítorí náà, ìrìn-àjò kan ṣoṣo láti Ìkẹjà sí Mowé ń bọ́ sábẹ́ àṣẹ ìpínlẹ̀ méjì. Awakọ̀ tí ó bá gbé èrò dé Mowé tí kò rí èrò mìíràn padà ni yóò ru owó epo ìpadàbọ̀. Èyí wà lára ìdí tí àwọn awakọ̀ kan fi ń kọ irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, tàbí tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ fún àfikún owó.

Katakata àti oko

Hello Tractor, tí Jehiel Oliver dá sílẹ̀ ní ọdún 2014, mú àjọpín wọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀rọ kékeré kan tí a so mọ́ katakata ń sọ ibi tí ó wà àti iṣẹ́ tí ó ti ṣe fún ẹni tí ó ni ín. Aṣojú kan ládùúgbò a kó orúkọ àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn súnmọ́ ara wọn jọ, kí katakata lè ro gbogbo rẹ̀ ní ìrìn-àjò kan. Àgbẹ̀ kò ní láti ní fóònù ìgbàlódé fúnra rẹ̀. Ètò yìí bá ipò àwọn onílẹ̀ kékeré mu, irú èyí tí ó pọ̀ láàárín àwọn tí ń gbin ìrẹsì Ọ̀fàdà, tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti ara ìlú Ọ̀fàdà. Bíi ti àáró, gbogbo oko ni iṣẹ́ yóò kárí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé owó ni àgbẹ̀ fi ń san án, kì í ṣe agbára apá rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ àwọn awakọ̀

Àríyànjiyàn tí ó tóbi jù nínú òwò yìí ni bóyá awakọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tàbí oníṣòwò fún ara rẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn awakọ̀ méjì pe Uber àti Taxify lẹ́jọ́ ní ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, kí ó lè kà wọ́n sí òṣìṣẹ́. Ní ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ náà nù nítorí pé ẹ̀rí tí wọ́n mú wá kò tó. Ní Bìrìtìkó, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ pé awakọ̀ Uber ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lábẹ́ òfin àti sí owó ìsinmi.

Ní ọdún 2017 náà, Uber dín owó ìrìn-àjò kù ní Èkó, àwọn awakọ̀ sì fẹ̀hónú hàn. Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí AUATON, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ áàpù, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni a kéde ìyọkúrò owó ìrànwọ́ orí epo, iye owó jálá epo sì ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn awakọ̀ béèrè pé kí owó ìrìn-àjò lọ sókè, kí ìdá tí ilé-iṣẹ́ ń yọ sì wá sílẹ̀. Áàpù ni ó ń pinnu iye méjèèjì, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ ni ó ń ra epo.