Orúkọ Kan, Oró Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ìtàn Bakitéríà tí Ń Pa Kòkòrò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Bacillus thuringiensis rí, bakitéríà inú ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bt. Orúkọ kan ni gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ń jẹ́, ṣùgbọ́n oró wọn yàtọ̀ síra. Kòkòrò tí ẹ̀yà kan ń pa, òmíràn lè má rí i gbé ṣe.

Ní ọdún 1901, Ishiwata Shigetane ń wádìí àrùn tó ń pa àwọn kòkòrò tí ń ṣe òwú ṣẹ́dà lójijì ní ilẹ̀ Japan, ó sì rí bakitéríà tó fa ikú wọn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Ernst Berliner rí irú rẹ̀ ní Jámánì, nínú ìdin àfòpiná tí ń ba ìyẹ̀fun jẹ́. Ní 1915, ó fi orúkọ agbègbè Thüringen sọ ọ́. Ohun tó jẹ́ àdánù fún oníṣẹ́ ṣẹ́dà di oògùn fún àgbẹ̀: ní 1938, wọ́n ti ń tà á ní ilẹ̀ Faransé.

Ní 1954, Angus, onímọ̀ ará Kánádà, fi hàn pé inú ègé purotéènì kékeré kan tí bakitéríà náà ń ṣe ni oró wà. Bí ìdin bá gbé e mì, omi inú ìfun rẹ̀ á yọ́ ọ, oró á lẹ̀ mọ́ ògiri ìfun, á sì dá a lu. Ìdin kò ní lè jẹun mọ́ títí yóò fi kú. Bí kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo ni: oró tí kò bá bá ìfun kòkòrò kan mu kò ní pa á.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èrò àwọn onímọ̀ ni pé ìdin labalábá àti ti àfòpiná nìkan ni Bt ń pa. Ní 1976, Yoel Margalit rí ẹ̀yà mìíràn nínú adágún omi kékeré kan ní aṣálẹ̀ Negev, ní Ísírẹ́lì. Ẹ̀yà israelensis yìí ń pa ìdin ẹ̀fọn, ó sì ń pa ìdin kòkòrò dúdú tí ń tan àrùn ìfọ́jú etí odò kálẹ̀.

Àwárí yìí bọ́ sákòókò. Láti 1974 ni ètò ìgbógun ti àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Benin àti Togo sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n fi ń da oògùn kẹ́míkà temephos sínú odò. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1980, oògùn náà kò ran àwọn kòkòrò kan mọ́. Ẹ̀yà israelensis wà lára ohun tí wọ́n fi dípò rẹ̀. Oríṣi oró mẹ́rin pàtàkì ló ń ṣe pọ̀, èyí sì mú kó ṣòro fún kòkòrò láti borí rẹ̀. Nígbà tí ètò náà parí ní 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 ènìyàn ló bọ́ lọ́wọ́ ìfọ́jú. Oògùn ivermectin náà kó ipa tirẹ̀.

Síbẹ̀, Bt kì í ṣe àwámárìídìí fún kòkòrò. Ní 1990, ìwádìí fi hàn pé ní Hawaii, níbi tí àgbẹ̀ ti ń fọ́n ọn léraléra, ìdin àfòpiná tí ń jẹ ewé kábéèjì ti ń mú un mọ́ra. Ẹni tó bá gbójú lé oró kan ṣoṣo yóò kábàámọ̀. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀ẹ̀mí.