Ọjọ́ Tí Ọyẹ́ Gbé Òkè Mì

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ní Ìgbàyè. Omi garawa tutù débi pé ojú nìkan ni mo bọ́. Mo fi òrí ra ètè, torí ẹni tí ọyẹ́ bá la ètè fún, ẹ̀rín di ìyà fún un. Ọ̀rẹ́ wa tó ń gbé Calgary, ní Kánádà, ló kó bá wa. Lálẹ́ àná ló fi fọ́tò ránṣẹ́: òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí òkè ní Banff, yìnyín bo igi, ó bo òkúta, bàtà tó fẹ̀ bí atẹ wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Ó ní ẹni tó bá fi bàtà lásán tẹ yìnyín yẹn á rì dé orúnkún. Bàtà fífẹ̀ ọ̀hún ló ń pín ìwúwo ẹni káàkiri. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ní?"

Ọyẹ́ la ní.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, àwa mẹ́rin ti wà lórí ọ̀kadà méjì. Ọlọ́kadà mi wọ kóòtù sódì, bọ́tìnnì wà lẹ́yìn, kí atẹ́gùn má baà ráyè wọ̀ ọ́ láyà. Òkukù kọjá, Ìníṣà kọjá. Iná mọ́tò tó ń bọ̀ lókèèrè rí bí ojú ológbò.

Aago méje, a dé ẹsẹ̀ òkè kan lẹ́yìn Ìkìrun. A bá bàbá àgbẹ̀ kan tó ń yáná.

"Ẹ kú ọyẹ́ o, Bàbá."

"Ẹ kú ọyẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí lẹ ń wá lókè?"

A ní fọ́tò ni.

"Fọ́tò kí ni, nígbà tẹ́ ò ríran?"

Èyí tó kéré jù nínú wa, tó ti fi bàtà ará Kánádà rẹ́rìn-ín títí, sílípáàsì ló wọ̀ wá. Okùn kan já níbi tí òkúta ti ń yọ̀. Ẹsẹ̀ òfìfo kan ló fi gun ìyókù.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀, a dórí òkè. Oòrùn ti yọ, ṣùgbọ́n bí òṣùpá ló rí, a ń wò ó kòrókòró. Òkè àkọ́kọ́ níwájú wa dúdú, èkejì rí bí eérú, ẹ̀kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Láti Bodélé, ní ilẹ̀ Chad, ni púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ yìí ti ń gbéra: ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá kan tó ti gbẹ látayébáyé, tí atẹ́gùn ń họ bí ẹni ń họ ìkòkò. Mo wá odò Ọ̀tìn títí, mi ò rí i. Odò yìí náà làwọn ọmọ ogun Ìlọrin já lù nígbà tí Ìbàdàn lé wọn kúrò ní Ìkìrun lóṣù kọkànlá ọdún 1878, tí wọ́n fi ń pe ogun náà ní Jálumi.

Mo ya fọ́tò kan, mo fi han ẹni tó dàgbà jù nínú wa. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, gbogbo rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ohun tó bá funfun jù, kámẹ́rà á fà á wálẹ̀ sí àárín dúdú àti funfun. Fi ìmọ́lẹ̀ kún un."

Mo fi kún un, ọyẹ́ funfun padà. Ohun kan náà lẹni tó ń ya yìnyín ń ṣe. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì àtijọ́ sí Yorùbá náà wá nǹkan funfun tí èèyàn wa mọ̀: ibi tí Sáàmù 51 ti dárúkọ yìnyín, ẹ̀gbọ̀n òwú ni wọ́n fi sí i. Ká ní wọ́n gun òkè yìí ni, bóyá ọyẹ́ ni wọn ì bá kọ.

Aago mẹ́sàn-án, mo hu ìwà òmùgọ̀: mo pààrọ̀ lẹ́ǹsì ní gbangba, nínú eruku yẹn.

Aago mọ́kànlá, oòrùn gbóná, funfun di pupa rúsúrúsú. A jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, a sọ̀ kalẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọ̀sán gangan ṣì ni ní Calgary, mo fi èyí tó dára jù ránṣẹ́. Èsì dé kíá: "Òkè dà? Ẹyẹ kan ṣoṣo ni mo rí lójú sánmà."

Mo fi ìka fa ìlà pupa gba orí òkè náà, mo dá a padà sí i. Ní ti ẹyẹ yẹn, mi ò dá a lóhùn.