Brighton: Bí Ọjọ́ Ìgbafẹ́ Létíkun Ṣe Di Òwò Ìlú

Brighton wà ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìrìn bíi wákàtí kan sí Lọ́ńdọ̀nù nínú rélùwéè. Òwò tí wọ́n mọ ìlú náà mọ́ jù ni ọjọ́ ìgbafẹ́: kí tọkọtaya tàbí àwọn àfẹ́sọ́nà wọkọ̀ láàárọ̀, kí wọ́n wo ààfin, kí wọ́n rìn lórí afárá tó wọ inú òkun, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì fi alẹ́ relé. Kò sí ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí tó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dé, oníkálukú wọn ló sì ní ẹni tó gbé e dé.

Ẹja ni iṣẹ́ ìlú náà tẹ́lẹ̀, Brighthelmstone sì ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Faransé dáná sun ún ní 1514, ìjì 1703 àti ti 1705 sì gbá àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá omi lọ. Ohun tó ṣẹ́kù láti ayé àwọn apẹja ni àwọn ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń pè ní The Lanes. Ṣọ́ọ̀bù oníwúrà ló kún ibẹ̀ báyìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àfẹ́sọ́nà ti ń yan òrùka.

Oníṣègùn ló kọ́kọ́ mú àlejò wá. Ní 1750, Richard Russell, dókítà ará Lewes tí kò jìnnà síbẹ̀, kọ ìwé kan lédè Látìn pé omi òkun dára fún kókó wíwú lára. Kì í ṣe wíwẹ̀ nìkan ló ní kí àwọn aláìsàn máa wẹ̀ nínú rẹ̀ o, ó ní kí wọ́n máa mu ún pẹ̀lú. Nígbà tó di 1753, ó ti ní ilé sí etí omi ní Brighton, àwọn olówó sì ń wọ́ tẹ̀ lé e. Omi náà tutù, etíkun rẹ̀ kì í sì í ṣe yanrìn bí kò ṣe òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dunni lẹ́sẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé aláwẹ̀ sínú yàrá onípákó kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́, tí ẹṣin á wọ́ wọnú omi. Tó bá dé ọ̀hún, obìnrin alágbára kan á gbá a mú, á sì rì í bọ omi. Olókìkí jù nínú àwọn arinibọmi yìí ni Martha Gunn, tó kú ní 1815. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀gangan tí àwọn ọkùnrin ti ń wẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti obìnrin: tọkọtaya tó bá jọ wá ní láti pínyà létí omi.

Ọmọọba George, àrẹ̀mọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní 1783, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 21. Wọ́n ní òkun á wo kókó ọrùn rẹ̀. Ó dájú pé jíjìnnà sí ojú bàbá rẹ̀ náà wù ú. Ní 1785, ó fẹ́ opó kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, Maria Fitzherbert, ní ìkọ̀kọ̀. Ìgbéyàwó náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin, nítorí ọba kò fọwọ́ sí i. Brighton ni àwọn méjèèjì ti ń rí àyè díẹ̀: obìnrin náà kọ́ ilé tirẹ̀ sí gbàgede Steine ní 1804, ìrìn ẹsẹ̀ kúkúrú sí ibùgbé ọkùnrin náà. Títí ó fi kú ní 1837, Brighton náà ni ilé rẹ̀.

Ibùgbé ọmọọba yìí ló di Royal Pavilion. Henry Holland ló kọ́kọ́ tún un kọ́ ní 1787. Láàárín 1815 sí 1822, John Nash dé e ní òrùlé rìbìtì rìbìtì bí ti àwọn ààfin Íńdíà, àmọ́ bí ilé àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ṣe inú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Íńdíà, kò sì sí i ní Ṣáínà. Ibi tó yẹ kéèyàn dúró wò dáadáa ni ilé ìdáná. Irin ni àwọn òpó tó gbé òrùlé rẹ̀ ró, wọ́n sì fi bàbà gé imọ̀ ọ̀pẹ sí orí wọn, tí òpó kọ̀ọ̀kan fi dà bí igi ọ̀pẹ tó hù láàárín ìkòkò. Tábìlì kan tí ooru omi gbígbóná ń gba abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ sí kó má baà tutù kó tó dé iwájú àlejò. Antonin Carême, ará Faransé tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn alásè ayé ìgbà náà, dáná níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ọmọọba Nicholas ti Rọ́ṣíà lálejò ní oṣù Kìíní 1817, oúnjẹ tó gbé kalẹ̀ lé ní oríṣi 100.

Kì í ṣe ààfin nìkan ni Íńdíà ti wọ Brighton. Sake Dean Mahomed, ọmọ Patna, ti kọ́kọ́ ṣí ilé oúnjẹ Íńdíà sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1810, ṣùgbọ́n gbèsè tì í pa. Ó kó wá sí Brighton ní 1814, ó ń fi ooru omi wẹ àwọn èèyàn, ó sì ń wọ́ra fún wọn. Ẹni tí ọbẹ̀ kò gbè, ara wíwọ́ gbè é: ọba méjì, George Kẹrin (ọmọọba tó ni ààfin) àti William Kẹrin, ló gbà á síṣẹ́. Ní 1851 ló kú, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ni wọ́n sin ín sí, níbi tí Martha Gunn ti ṣáájú rẹ̀ sùn.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1840, ti ọlọ́rọ̀ ni Brighton. Rélùwéè ló yí i padà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, 1841, ọ̀nà irin láti Lọ́ńdọ̀nù dé ibẹ̀. Ìrìn tó ń gba kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ní bíi wákàtí márùn-ún kò wá gbà ju bíi méjì lọ mọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ olówó pọ́ọ́kú, tí akọ̀wé ọ́fíìsì àti ọmọbìnrin aránṣọ lè rà. Ọbabìnrin Victoria kò fẹ́ràn èrò tó ń wọ́ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn nílùú náà, ìlú sì ra ààfin lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1850 ní £53,000. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ lè wọ ibi tí àwọn ọmọọba ti ń jẹun. Àmọ́ ìgbádùn ọlọ́jọ́ kan náà ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ Sunday kan ní oṣù Kẹjọ 1861, ọkọ̀ rélùwéè kan gbá òmíràn tó kún fún àwọn tó ń lọ síbi ìgbafẹ́ nínú ihò abẹ́ òkè Clayton, lẹ́yìn odi ìlú. Ẹni 23 ló kú.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, 1862, ọmọ Yorùbá méjì so yìgì ní St Nicholas. Sarah Forbes Bonetta ni ìyàwó, Àìná ni orúkọ rẹ̀ nílé. Ọmọ ilẹ̀ Yewa ni, àwọn ọmọ ogun Dahomey ló kó o lẹ́rú ní kékeré. Ọba Gezo fi í ta Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́rẹ ní 1850, Ọbabìnrin Victoria sì gba bùkátà rẹ̀. Ọkọ ni James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó tí àwọn òbí Yorùbá bí ní Sàró. Ìyàwó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ilé tí wọ́n fi í wọ̀ sí ní Brighton kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá. Nígbà tí ọjọ́ pé, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́wàá ló gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọge 16 ló tẹ̀ lé ìyàwó, òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú sì jọ ń rìn ní méjì méjì. Èkó ni wọ́n fi ṣe ilé lẹ́yìn náà. Victoria ni wọ́n sọ àkọ́bí wọn, ọbabìnrin náà sì ṣe ìyá ìsàmì rẹ̀. Davies yìí kan náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó ní àgbègbè Èkó.

Àwọn afárá inú òkun ló kàn. Ti àkọ́kọ́, Chain Pier ti 1823, wà fún àwọn tó ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Faransé, àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn tí kò lọ síbi kankan fi ń sanwó láti kàn rìn lórí rẹ̀. West Pier ṣí ní 1866. Ìjì gbé Chain Pier lọ ní 1896, Palace Pier, tó gùn ní mítà 525, sì ṣí ní 1899. Òfin ìsinmi gbogboogbò ti 1871 ti fún òṣìṣẹ́ láyè, ilé ìwo-ẹja sì ti ṣí ní 1872. Magnus Volk náà ti fi rélùwéè kékeré tó ń fi iná mànàmáná rìn sí etí omi ní 1883.

Oúnjẹ náà bá èrò mu. Ẹni tó lówó ń jókòó sí Grand, òtẹ́ẹ̀lì tó ṣí ní 1864. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ń ra edé, akàn àti ìgbín òkun lórí àtẹ létí omi, a bu fínígà sí i, a jẹ ẹ́ lóòró. Ẹja díndín pẹ̀lú ọ̀dùnkún díndín tẹ̀ lé e, àti suwíìtì gbọọrọ kan tí orúkọ ìlú wà nínú rẹ̀ láti orí dé ìdí: bó ti wù kí wọ́n lá a tó, orúkọ náà kì í pa rẹ́.

Àwọn òtẹ́ẹ̀lì náà rí oríṣi oníbàárà mìíràn. Títí di òfin 1937, àgbèrè nìkan ni ẹ̀rí tó lè tú ìgbéyàwó ká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọkọ tó bá ti bá ìyàwó rẹ̀ jọ gbà láti pínyà á háyà obìnrin kan, á bá a sun òtẹ́ẹ̀lì létíkun, òṣìṣẹ́ tó gbé tíì wọlé láàárọ̀ á sì jẹ́rìí ohun tó rí. Brighton ni ìlú tí wọ́n máa ń dárúkọ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú olówó pọ́ọ́kú bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Sípéènì láti àwọn ọdún 1960, àwọn tó ń lo ọ̀sẹ̀ kan ní Brighton dín kù. Wọ́n ti West Pier pa ní 1975, iná jó o ní 2003, egungun irin rẹ̀ nìkan ló kù nínú omi. Àlejò ọlọ́jọ́ kan ni kò lọ: Lọ́ńdọ̀nù kò jìnnà, Palace Pier ṣì ń gba èrò, rélùwéè Volk sì ṣì ń ṣiṣẹ́, òun ló pẹ́ jù láyé nínú irú rẹ̀ tó ṣì ń rìn.