Ọgbà Ẹranko Virunga

Ọgbà ẹranko ìjọba ní ìlà-oòrùn Kóńgò Kinshasa, lẹ́bàá ààlà Ùgáńdà àti Rùwáńdà. Ìjọba amúnisìn Bẹ́ljíọ̀mù ló dá a sílẹ̀ ní 1925. UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1979. Ní 1994, ó fi í sára àwọn tó wà nínú ewu.

Ibẹ̀ wà lára ibùgbé ìnàkí orí òkè, tí irun rẹ̀ gùn nítorí òtútù. Akọ àgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti hewú ló ń ṣolórí agbo kọ̀ọ̀kan. Iye wọn ní orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ní 1,000.

Àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ fi igbó náà ṣe ibùba, àwọn mìíràn sì ń gé igi rẹ̀ sun èédú. Ní 2007, wọ́n yìnbọn pa ìnàkí mélòó kan. Lára òkú ìyá rẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ti bá Ndakasi, ọmọ oṣù méjì, tó dì mọ́ ọn. Ibùdó Senkwekwe tó wà fún ọmọ òrukàn ìnàkí ló gbẹ̀yìn tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú ní 2021.

Owó àlejò wà lára ohun tó ń gbọ́ bùkátà ọgbà náà. Àlejò gbọ́dọ̀ wọ ìbòmú, kí àìsàn ènìyàn má baà ran ìnàkí. Ní oṣù Kàrún-ún 2018, wọ́n jí àlejò méjì gbé, wọ́n sì pa ẹ̀ṣọ́ kan. Ọgbà náà kò gbàlejò mọ́ títí di 2019. Ẹ̀ṣọ́ tó ti kú sẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ lé ní 200.