Wọ́dà: Ta Ló Kọ́ Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ẹlẹ́wọ̀n?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, nígbà tí a bá ń ka Súrà Yúsúfù pẹ̀lú àwọn ọmọ kéú wa, ibi tí Ànábì Yúsúfù (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti wà ní túbú ni wọ́n ti máa ń bi wá pé: "Ààfáà, ta ló ń ṣọ́ wọn níbẹ̀?" Ìbéèrè yìí ló mú wa wo ìtàn àwọn wọ́dà ilẹ̀ wa.

Láyé àtijọ́, wọ́n lè fi ọ̀daràn sí àhámọ́ ní ilé Ògbóni títí ẹjọ́ rẹ̀ yóò fi parí. Ní 1872, ìjọba òyìnbó ṣí ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ní Èkó, èyí tó lè gba 300 ènìyàn. Iṣẹ́ ìlú ni wọ́n ń fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe. Nígbà tí kò sí ẹni tó ń ronú àtitún ìwà wọn ṣe, kò sí ẹni tó wá wọ́dà tó kọ́ṣẹ́. Ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ ń ṣọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba àwọn sójà tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ní Òkè-Ògùn tiwa, láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, kóòtù ìbílẹ̀ ló ń dájọ́, akódà ló ń mú ènìyàn. Ní 1916, nígbà tí Òkèihò àti Ìsẹ́yìn dìde sí ìṣàkóso náà, ọ̀rọ̀ kóòtù wà lára ohun tó bí wọn nínú. Agbára tí a bá fi lé ẹni tí a kò kọ́ lọ́wọ́, ìlú ní í jìyà rẹ̀.

Ọdún 1947 ni wọ́n tó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn wọ́dà sílẹ̀ ní Enugu, lábẹ́ ọ̀gá tí ń jẹ́ Dolan. Ọdún 75 ti kọjá lẹ́yìn Broad Street! Bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbà ẹ̀wọ̀n ìbílẹ̀ sì dá dúró títí di 1968, kí ìjọba àpapọ̀ tó kó gbogbo wọn sábẹ́ ara rẹ̀. Òfin 2019 wá sọ ilé-iṣẹ́ náà ní ilé-iṣẹ́ àtúnṣe.

Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kì í tún ìwà ṣe. Ní Oṣù Kẹwàá 2021, àwọn agbébọn fọ́ ọgbà Abolongo ní Ọ̀yọ́, ènìyàn tó lé ní 800 sì jáde. Àwọn tí kóòtù kò tíì dá lẹ́jọ́ ni wọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fẹ́ ṣiṣẹ́ wọ́dà, ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Ẹ kọ́ ọ ní sùúrù àti ìbẹ̀rù Ọlọ́hun kí ìjọba tó kọ́ ọ níṣẹ́. Kó máa rántí pé ẹni tó wà lẹ́yìn irin lè jẹ́ aláìṣẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ànábì Yúsúfù ti jẹ́.